Bí Nọ́ọ̀sì Ṣe Ń Padà Sí Kíláàsì: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà

Kí ọdún 1947 tó dé, kò sí ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì kan ní Nàìjíríà tí gbogbo ọsibítù jọ fọwọ́ sí. Ọsibítù tó bá kọ́ ènìyàn níṣẹ́ náà ló máa ń fún un níwèé, ìwé náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ níyì kọjá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́. Ọsibítù Sacred Heart ní Láǹtòrò, Abẹ́òkúta, tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1895, wà lára àwọn ibi tí iṣẹ́ yìí ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ̀lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ìyẹn Wesley Guild ní Iléṣà, kò sì pẹ́ dé.

Ọ̀dọ́ tó bá mọ̀wé díẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì ń gbà síṣẹ́. Wọ́n á kọ́ ọ bí a ṣe ń se irinṣẹ́ nínú omi híhó, bí a ṣe ń wẹ egbò tí a sì ń dì í, bí a ṣe ń wo bí ara ṣe gbóná tó. Òun náà ló máa ń ṣe ògbufọ̀ láàárín dókítà òyìnbó àti aláìsàn, nítorí náà ó máa ń gbọ́ ohun tí ẹni méjèèjì ń sọ, ó sì máa ń mọ ohun tí ọ̀kan fi pamọ́ fún èkejì. Ìmọ̀ gidi ni, ó sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Àléébù rẹ̀ ni pé ibi tí ìmọ̀ ọ̀gá bá mọ, ibẹ̀ ni ti ọmọ-iṣẹ́ ń dúró sí. Kò sí ìwé ìròyìn tó ń sọ ohun tuntun nípa iṣẹ́ náà fún un, kò sí kíláàsì tí ẹni tó ti gbàwé-ẹ̀rí lè padà sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àtẹ̀gùn tí ọmọ Nàìjíríà lè gùn dé ipò sísítà, ìyẹn olórí wọ́ọ̀dù, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti mátírọ́nù, olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ọsibítù. Àwọn òyìnbó ló ni ipò wọ̀nyẹn.

Bí àtẹ̀gùn náà ṣe di kíkàn ni àkọọ́lẹ̀ yìí fẹ́ sọ. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n tún padà lọ jókòó bí ọmọ ilé-ìwé, ni wọ́n kàn án. Ìjọba wá fọwọ́ sí i lẹ́yìn.

Ti àwọn agbẹ̀bí yàtọ̀ díẹ̀. Kí ọsibítù tó dé ni àwọn ìyá tó ń gbẹ̀bí ti wà ní ìlú àti abúlé, tí ọ̀kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì títí ọjọ́ ogbó. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé òfin agbẹ̀bí jáde ní 1930, àwọn tó kọ́ṣẹ́ náà ní ìlànà ọsibítù nìkan ló ka orúkọ wọn sínú ìwé. Ìmọ̀ àwọn ìyá àtijọ́ kò sí nínú ohun tí òfin náà kà sí. Lójú tèmi, àdánù ńlá ni, torí pé lọ́wọ́ wọn ni ẹni tó bá fẹ́ mọ bí obìnrin ìlú yìí ṣe ń bímọ ì bá ti kọ́kọ́ béèrè.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀

Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni gbòǹgbò ètò ẹ̀kọ́ tí Nàìjíríà jogún wà. Ní 1820 ni wọ́n bí Florence Nightingale, ilé olówó ni wọ́n sì bí i sí. Láti ìgbà ọmọdé ló ti fẹ́ràn ìṣirò, ó sì bẹ àwọn òbí rẹ̀ gan-an kí wọ́n tó jẹ́ kó kọ́ ọ bó ṣe fẹ́. Ní 1851, nígbà tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta ní Kaiserswerth ní Jámánì, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ìjọ tó ń tọ́jú aláìsàn, kó lè fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní 1854, nígbà ogun Crimea, ó kó nọ́ọ̀sì 38 lọ sí ọsibítù àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Scutari, ní ilẹ̀ Tọ́kì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí obìnrin tó ń fi àtùpà rìn láàárín àwọn tó fara gbọgbẹ́ lóru. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ogun ló kàn wá jù níbí. Ó padà sílé, ó jókòó ti àkọsílẹ̀ ikú àwọn ọmọ-ogun, ó kà á ní oṣooṣù, ó sì pín in sí ti ọgbẹ́ àti ti àìsàn. Ó rí i pé àìsàn tí ìdọ̀tí ń fà pa wọ́n ju ìbọn lọ. Nítorí pé ó mọ̀ pé àwọn aláṣẹ kì í fẹ́ ka nọ́ńbà, ó ya iye ikú náà sí àwòrán tó rí roboto, tí ẹ̀ka rẹ̀ ń gbòòrò bí ikú ṣe ń pọ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni lè fi ojú lásán rí i. Ní 1858 ló di obìnrin àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò iye ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Owó tí àwọn ará ìlú dá jọ ní orúkọ rẹ̀ ló fi dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ọsibítù St Thomas' ní 1860. Akẹ́kọ̀ọ́ 15 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí olúkúlùkù wọn máa kọ ohun tó bá rí ní wọ́ọ̀dù sílẹ̀ lójoojúmọ́, Nightingale fúnra rẹ̀ a sì máa ka àwọn ìwé náà. Láti 1872 lọ, ó máa ń kọ lẹ́tà sí wọn. Kókó tó tẹnu mọ́ nínú ti ọdún àkọ́kọ́ ni pé nọ́ọ̀sì tí kò bá tẹ̀ síwájú lọ́dọọdún, lóṣooṣù àti lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti ń padà sẹ́yìn nìyẹn, bó ti wù kó pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí ètò yìí tàn dé àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ìgbọràn ló kọ́kọ́ dé. Aṣọ funfun tó gún, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ láìsí ìwúnjọ kankan, kí a dìde tí dókítà bá wọlé. Ìwé àkọsílẹ̀ àti ìbéèrè tí Nightingale fi ṣe ìpìlẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn.

Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt

Ọmọ Èkó ni Kofoworọlá Àbẹ̀ní Scott. Ó lọ sí ilé-ìwé St John's ní Àrólọ́yà, lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti CMS. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ọmọ Nàìjíríà tó bá ṣe nọ́ọ̀sì nígbà náà, abẹ́ òyìnbó ni yóò wà títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì, owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, iyì rẹ̀ láwùjọ kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá gba United Missionary College ní Ìbàdàn lọ, ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ó sì padà sí ilé-ẹ̀kọ́ CMS ní Èkó láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin bíi tirẹ̀. Ní 1941 ló fẹ́ Olú Pratt, tó ń ṣe iṣẹ́ apòògùn.

Ọkọ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Òun náà lọ bá a ní 1946, ibẹ̀ ló sì ti rí àyè ohun tó ti ń wù ú láti kékeré. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní ọsibítù St Thomas'. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà. Obìnrin tó ti dúró níwájú kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún tún wá jókòó láàárín àwọn ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí wọ́n ṣe ń wẹ aláìsàn lórí ìdùbúlẹ̀, àti orúkọ egungun ara. Bọ́ǹbù ogun àgbáyé kejì ti ba ọsibítù náà jẹ́ gan-an, ìjọba sì ṣì ń fi ìwọ̀n pín oúnjẹ fún àwọn ará ìlú. Aláìsàn kan kọ̀ pé kí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú má fọwọ́ kan òun. Kò torí bẹ́ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 1948, nígbà tó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ni ètò ìlera gbogbogbòò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní NHS bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ló kà á sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe nọ́ọ̀sì nínú ètò náà. Orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àwọn nọ́ọ̀sì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní 1950.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn yìí fọkàn sí. Ìwé-ẹ̀rí tó ti ní tó láti fi wá iṣẹ́ ṣe nílé. Ó dúró. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, ó lọ kọ́ nípa àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru, ó sì kọ́ bí a ṣe ń darí wọ́ọ̀dù. Kò sí èyí tí wọ́n fipá mú un kọ́ nínú wọn. Wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, wàá rí i pé ó ti ń ro ilé: ní Nàìjíríà, nọ́ọ̀sì tí kò mọ ìgbẹ̀bí tí kò sì mọ ibà kò ní lè dá wọ́ọ̀dù darí.

Ní 1954 ló padà dé. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ láti fún un ní ipò sísítà wọ́ọ̀dù, torí pé àwọn òyìnbó nìkan ni ipò náà wà fún. Ẹni tó ti kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó nílùú wọn ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ní ìlú tí wọ́n ti bí i. Ìwé-ẹ̀rí nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ṣùgbọ́n àsìkò ti ń yí padà. Òmìnira ń bọ̀, àwọn olóṣèlú ń béèrè pé kí ọmọ onílùú bọ́ sí ipò àṣẹ, àwíjàre tó sì kù fún àwọn aláṣẹ ọsibítù ni pé ọmọ onílùú kò tíì kọ́ tó. Wọn kò lè sọ ìyẹn fún Kofoworọlá Pratt. Ó di sísítà ní ọsibítù yunifásítì ní Ìbàdàn, ipò rẹ̀ sì ń gbéra láti ìgbà náà. Ní 1964 ló di mátírọ́nù ibẹ̀, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà.

Ìbàdàn, 1952 sí 1965

Ọsibítù tí a ń sọ yìí ni University College Hospital, tí gbogbo ará Ìbàdàn ń pè ní UCH. Ní 1952 ni òfin tó dá a sílẹ̀ jáde, ọdún náà gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀, kí ilé ọsibítù fúnra rẹ̀ tó parí. Ọsibítù Adéọ̀yọ́ ni àwọn oníṣègùn yunifásítì ti ń kọ́ṣẹ́ lára aláìsàn nígbà náà. Inú oṣù kọkànlá ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé tuntun.

Ọsibítù ìkọ́ni yàtọ̀ sí ọsibítù míṣọ́n lójú nọ́ọ̀sì, ibi tí ìyàtọ̀ náà ti hàn jù sì ni ìgbà tí àwọn oníṣègùn bá ń yí wọ́ọ̀dù ká. Ọ̀jọ̀gbọ́n á dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọmọ ilé-ìwé oníṣègùn á rọ̀gbà yí i ká, sísítà á gbé fáìlì aláìsàn lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n á béèrè: kí ló dé tí ìtọ̀ ọkùnrin yìí kò pọ̀ tó ti àná? Àwọn ọmọ ilé-ìwé á máa wojú ara wọn. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ló mọ iye omi tó wọlé àti iye tó jáde, òun ló kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí ìbéèrè bá ń lọ lórí bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́ báyìí, ẹni tó ń gbọ́ ọ á fẹ́ mọ ìdáhùn, kì í sì í ṣe ìdáhùn tí yóò fi tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn nìkan. Àwọn nọ́ọ̀sì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń ṣe ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò ní àyè tó fún irú ìbéèrè yẹn.

Ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti UNICEF. Kofoworọlá Pratt wà lára àwọn tó jà fún un. Kí òǹkàwé lè mọ bí èyí ṣe tóbi tó: ní 1956 ni Yunifásítì Edinburgh kọ́kọ́ dá irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí òmíràn ṣáájú rẹ̀ nínú àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín Edinburgh àti Ìbàdàn. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé kì í ṣe ọmọdé. Nọ́ọ̀sì tó ti gbàwé-ẹ̀rí, tó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ni wọ́n ń gbà. Wọ́n fi owó oṣù àti ipò sílẹ̀, wọ́n wá kọ́ ìmọ̀ nípa ara ènìyàn, ìmọ̀ nípa àwùjọ, àti bí a ṣe ń kọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló padà lọ di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì káàkiri orílẹ̀-èdè. Láti inú ẹ̀ka náà ni Elfrida Adebo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ náà gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀, tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama fi lè gba oyè iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tààrà.

Kofoworọlá Pratt fúnra rẹ̀ ti kúrò ní Ìbàdàn láti di olórí nọ́ọ̀sì fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ àti àwọn tó ń ṣe àtúnkọ ìwé ìròyìn wọn, Nigerian Nurse. Ní 1973 ni àjọ Red Cross àgbáyé fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale. Ó tún ṣe kọmíṣánnà ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ọdún 1970. Ó kú ní 1992.

Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta àti àìsàn tí kò lórúkọ

A kò lè sọ ìtàn ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ká má sọ ti Jos. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, ṣàìsàn ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Lassa, ní àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀fun rẹ̀ ń dùn ún, lẹ́yìn náà egbò bo inú ẹnu rẹ̀, ibà sì mú un, oògùn tí wọ́n fún un kò ràn án. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí ọsibítù míṣọ́n ní Jos. Ọjọ́ kejì ló kú.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ lóru ní Jos ni Charlotte Shaw. Ó fi aṣọ egbò wé ìka rẹ̀, ó fi nu ẹnu aláìsàn náà kó lè rí ọ̀nà mí. Ọgbẹ́ kékeré kan wà lára ìka náà, kò rántí rẹ̀ títí ó fi ṣe iṣẹ́ yẹn tán. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kejì.

Ẹnì kẹta ni Lily Pinneo, tí wọ́n ń pè ní Penny. Ó tọ́jú Shaw. Nígbà tí Shaw kú, ó dúró ti Dókítà Jeanette Troup bó ṣe ń ṣí òkú náà wò láti mọ ohun tó pa á, ó sì ràn án lọ́wọ́ láti kó ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara tí wọn yóò fi ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣí lára yẹn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, òun náà wó lulẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Èkó, wọ́n sì ti ibẹ̀ gbé e lọ sí New York ní oṣù kẹta, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kó pamọ́ bá a lọ. Ó wà ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì yè.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale ló rí fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyẹn, wọ́n sì fi orúkọ ìlú Lassa pè é. Jordi Casals, tó wà nídìí àyẹ̀wò náà, kó àìsàn ọ̀hún ní oṣù kẹfà. Omi inú ẹ̀jẹ̀ Penny Pinneo, tó ti ní agbára láti bá fáírọ́ọ̀sì náà jà, ni wọ́n fà sí i lára, ara rẹ̀ sì yá. Òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò kan ní Yale kú kí ọdún náà tó parí. Nígbà tí àìsàn náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jos ní ìbẹ̀rẹ̀ 1970, àwọn onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì láti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó tọpasẹ̀ rẹ̀. Dókítà Troup fara gbọgbẹ́ nígbà tó ń ṣí òkú ẹlòmíràn wò. Ó kú ní oṣù kejì ọdún náà. Penny Pinneo padà sí Nàìjíríà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí kò bá sí ẹni tó béèrè pé kí ló pa àwọn obìnrin wọ̀nyí, wọn ì bá sin Wine àti Shaw gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ibà pa. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kó sínú ìgò ní Jos ni ìbéèrè náà. Ó tún gba ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé eku kan tó máa ń gbé inú ilé àti oko ló ń gbé àìsàn náà kiri. Ìmọ̀ ìgbà yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ṣiṣẹ́ lónìí ní Federal Medical Centre, Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó ti di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ibà Lassa ní Nàìjíríà. Kò sí èyí tó ti kọ́ ọ tán ní ilé-ẹ̀kọ́ nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ ìdáàbòbò, àti bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ, tó léwu ju wíwọ̀ lọ, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń tún un kọ́.

Justus Akinsanya

Justus Akinsanya, ọmọ Ìjẹ̀bú, rìnrìn àjò lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìgbà ayé rẹ̀ ti ṣe, ó sì kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ó kàwé títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú àwọn òyìnbó. Ọ̀rọ̀ tó jẹ ẹ́ lógún ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ nọ́ọ̀sì nípa ara ènìyàn. Nọ́ọ̀sì lè mọ̀ pé kí a gbé orí aláìsàn sókè tí kò bá lè mí dáadáa; Akinsanya fẹ́ kó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró tó fi jẹ́ pé gbígbé orí sókè ń ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó mọ ìdí, ó lè yí ọwọ́ padà tí ohun tó kọ́ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́. Òun náà ló kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé Kofoworọlá Pratt, tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1987, nígbà tí obìnrin náà ṣì wà láyé. Mo gbà pé ìwé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ara ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí: nọ́ọ̀sì ló kọ ìtàn nọ́ọ̀sì, kò dúró de òpìtàn tí yóò wá ṣe é fún wọn.

Òfin, ìwé àṣẹ, àti owó

Ní 1947 ni ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì Nàìjíríà sílẹ̀, tí ìwé-ẹ̀rí kan fi wá di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin ìjọba ológun, Decree No. 89 ti 1979, wá so ti nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí pọ̀ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan, Nursing and Midwifery Council of Nigeria. Ní 1981, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì jọ gbé West African College of Nursing kalẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀ka kan láìkúrò lágbègbè yìí.

Ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí Council ń fún nọ́ọ̀sì kì í ṣe títí ayé. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un gbà, wọ́n sì ti fi kún un pé ẹni tó fẹ́ tún un gbà gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé òun ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Council fọwọ́ sí. Ohun tí Nightingale fi lẹ́tà bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní 1872 ti di àṣẹ ní Nàìjíríà. Òfin náà dára, mo sì dúró tì í. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹrù rẹ̀ wà lórí nọ́ọ̀sì nìkan. Ọ̀pọ̀ ló ń san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà látinú àpò ara wọn, tí wọ́n sì ń fi ọjọ́ ìsinmi wọn lọ. Ẹni tó wà ní ọsibítù kékeré ní ìgbèríko, tó jẹ́ pé òun àti ẹnì kan péré ló ń pín iṣẹ́ ọ̀sán àti òru, kò lè fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí yóò dúró fún un. Àwọn tó ń gba nọ́ọ̀sì síṣẹ́ ló ń jẹ èrè ìmọ̀ yìí, ó sì tọ́ kí owó rẹ̀ àti àyè rẹ̀ wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́.

Láàárín èyí, ọ̀nà ti pọ̀ sí i. National Open University of Nigeria ń gba nọ́ọ̀sì tó ti ní ìwé-ẹ̀rí láti kàwé gboyè láìfi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa ka ìwé ní òru iṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti fún àwọn aláìsàn ní oògùn aago mẹ́wàá tí wọ́ọ̀dù sì ti pa rọ́rọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àtijọ́ náà ti ń di kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní ND àti HND. Àwọn tó gba ìwé-ẹ̀rí lásán kí àyípadà yìí tó dé, tí wọ́n ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ti ń béèrè fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé.